Omi Inú Òṣùpá Júpítà: Kí Ni Ó Kan Ará Minna?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, àwọn ènìyàn ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ kan tí ó ń lọ lọ́wọ́ láàrin àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lágbàáyé mu wẹ́kú. Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí wọ́n fi ka àwọn òṣùpá tí ń yí pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà àti Sátọ̀n po sí ajá lásán tí ń tẹ̀lé olúwa rẹ̀ kiri. Lónìí, àwọn tí a pè ní ajá náà ni gbogbo ojú ń wò. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ohun ẹlẹ́mìí kan bá wà níbòmíràn yàtọ̀ sí orí ilẹ̀ ayé yìí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ inú òkun tí ó fara pamọ́ sí abẹ́ yìnyín àwọn òṣùpá wọ̀nyẹn ni a ó ti bá a.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ kan tí kò sí awakọ̀ nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n pè ní Europa Clipper, láti Ìpínlẹ̀ Florida lọ sí ọ̀dọ̀ Europa, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá Júpítà. Ṣáájú èyí, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹrin ọdún 2023, àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ òfuurufú ti rán ọkọ̀ tiwọn, Juice, láti Kourou ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà. Ètò wọn ni pé kí ti Amẹ́ríkà dé ibẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2030, kí ti Yúróòpù sì dé ní oṣù Keje ọdún 2031. Ìrìn Europa Clipper nìkan tó bílíọ̀nù 2.9 kìlómítà, owó tí yóò sì ná Amẹ́ríkà tó nǹkan bí bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là.

Nígbà tí irú ìròyìn báyìí bá dé etí ọmọ Yorùbá tí ó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà ní Bosso, ní Tunga tàbí ní Kpakungu, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé: èwo ni ti omi inú òṣùpá, nígbà tí omi ẹ̀rọ kò tíì yọ dáadáa ní ẹ̀yìnkùlé? Ìbéèrè náà tọ̀nà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó lè dáhùn rẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n ń wá lọ síbẹ̀ ní ti gidi, kí a sì mọ ibi tí Nàìjíríà dúró sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ TI BẸ̀RẸ̀

Oṣù Kíní ọdún 1610 ni Galileo Galilei, ará Ítálì, gbé awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú, tí ó sì rí i pé nǹkan kéékèèké mẹ́rin tí ó jọ ìràwọ̀ ń yí Júpítà po. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a wá ń pè ní Io, Europa, Ganymede àti Callisto. Títí di òní, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní irú awò bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ kékeré, tí ó sì dúró síta ní Minna ní òru tí kùrukùrù ọyẹ́ kò bo ojú sánmà, lè rí wọn bí wọ́n ti tò sí ẹ̀gbẹ́ Júpítà bí ojú iná wínníwínní. Ti Sátọ̀n pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì: nígbà tí wọ́n kéde 128 tuntun ní oṣù Kẹta ọdún 2025, iye òṣùpá rẹ̀ tí a mọ̀ di 274.

Ohun tí ó mú kí àwọn onímọ̀ máa fojú kéré àwọn òṣùpá wọ̀nyí ni jíjìnnà tí wọ́n jìnnà sí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó ń dé Júpítà kò ju ìdá kan nínú ìdá 25 èyí tí ó ń dé ayé lọ. Èrò gbogbo ènìyàn nígbà náà ni pé omi tí ó bá wà ní irú ibi bẹ́ẹ̀ yóò ti dì gbagidi bí òkúta, àti pé níbi tí omi bá ti dì tán pátápátá, kò sí ohun tí ó lè yè níbẹ̀.

Ọdún 1979 ni èrò náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ní ọdún náà, ọkọ̀ Voyager méjì tí Amẹ́ríkà rán jáde gba ẹ̀gbẹ́ Júpítà kọjá. Wọ́n ya àwòrán òkè tí ń tu iná jáde lórí Io, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí níbòmíràn yàtọ̀ sí orí ilẹ̀ ayé. Wọ́n rí Europa pẹ̀lú, tí yìnyín bo gbogbo ara rẹ̀, tí yìnyín náà sì sán yíká bí ẹ̀fọ́ ìkòkò tí wọ́n tò pọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ mìíràn, tí wọ́n sọ ní orúkọ Galileo, lọ ń yí Júpítà po láti ọdún 1995 títí di ọdún 2003. Ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ kà nípa agbára òòfà tí ó wà ní àyíká Europa fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé omi oníyọ̀ wà lábẹ́ yìnyín náà.

Europa kò tó òṣùpá tí ó ń yọ lókè ayé yìí ní ìtóbi, nítorí pé ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 3,100 kìlómítà péré. Síbẹ̀síbẹ̀, ìṣirò àwọn onímọ̀ ni pé omi tí ó wà nínú rẹ̀ lè tó ìlọ́po méjì gbogbo omi òkun ayé.

OHUN TÍ KÒ JẸ́ KÍ OMI NÁÀ DÌ

Bí oòrùn kò bá lè yọ́ yìnyín níbẹ̀, kí ni ó wá ń mú omi abẹ́ rẹ̀ gbóná? Alágbẹ̀dẹ tàbí birikìlà èyíkéyìí tí ó ti tẹ wáyà síwá sẹ́yìn rí yóò mọ ìdáhùn rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń tẹ wáyà síhìn-ín sọ́hùn-ún láìdáwọ́dúró, ibi tí ó ń tẹ̀ yóò gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi fẹ́ jó o lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti Europa. Ọjọ́ mẹ́ta àti ààbọ̀ ni ó fi ń yí Júpítà po lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà tí ó ń gbà kì í ṣe òbìrí tí ó pé rẹ́gí, nítorí náà a máa sún mọ́ Júpítà, a sì tún máa jìnnà sí i díẹ̀. Bí ó bá ti sún mọ́ ọn, agbára òòfà Júpítà á fà á gùn. Bí ó bá ti jìnnà, yóò dẹ̀ ẹ́. Fífà àti dídẹ̀ yìí, tí kò dáwọ́ dúró láti ayébáyé, ni ó ń mú inú rẹ̀ gbóná.

Òṣùpá Sátọ̀n kan tí ó ń jẹ́ Enceladus yani lẹ́nu ju èyí lọ. Ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 500 kìlómítà, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bí ẹyẹ yóò ti fò tààrà láti Minna dé Èkó. Ní ọdún 2005 ni ọkọ̀ Cassini rí i pé omi ń tú jáde láti inú yìnyín rẹ̀ sí ojú òfuurufú bí ẹ̀ẹ́fín láti inú ìkòkò tí ń hó. Cassini gba inú omi náà kọjá, ó sì bá iyọ̀ àti oríṣiríṣi kẹ́míkà tí ara ohun ẹlẹ́mìí máa ń lò níbẹ̀. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ tún kéde pé wọ́n rí phosphorus nínú ohun tí Cassini kó jọ, èyí tí ó wà nínú egungun ènìyàn àti nínú ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ ń dà sí oko.

Titan, tí òun náà jẹ́ òṣùpá Sátọ̀n, ní afẹ́fẹ́ tí ó nípọn ju ti ayé lọ. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀, odò sì ń ṣàn, ṣùgbọ́n gáàsì tí òtútù ti sọ di olómi ni òjò àti odò náà. Ọkọ̀ Huygens balẹ̀ síbẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kíní ọdún 2005. Amẹ́ríkà sì ń ṣètò láti rán ẹ̀rọ kan tí ń fò bí hẹlikópítà, tí wọ́n pè ní Dragonfly, lọ síbẹ̀ ní ọdún 2028, kí ó lè dé ibẹ̀ ní ọdún 2034.

A KÒ TÍÌ RÍ OHUN ẸLẸ́MÌÍ KANKAN

Ó yẹ kí a là á yé àwọn ènìyàn kedere pé kò sí ẹni tí ó tíì rí ohun ẹlẹ́mìí kankan ní ọ̀kankan nínú àwọn òṣùpá wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá ń sọ kiri ní ọjà tàbí ní ilé ìjọsìn pé wọ́n ti rí ẹ̀dá abàmì níbẹ̀, irọ́ ni ó ń pa. Ohun tí wọ́n tilẹ̀ ń retí kì í ṣe ènìyàn, kì í ṣe ẹranko. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, irú èyí tí ń mú ẹ̀kọ kan, ni ó pọ̀ jù tí wọ́n ń retí.

Ohun tí ó fún wọn ní ìgboyà ni ohun tí a rí ní ìsàlẹ̀ òkun ayé yìí gan-an ní ọdún 1977. Ní ọdún náà, lẹ́bàá àwọn erékùṣù Galápagos, àwọn onímọ̀ bá ihò tí omi gbígbóná ti ń tú jáde nísàlẹ̀ òkun, níbi tí oòrùn kò ràn dé. Wọ́n retí pé ibẹ̀ yóò dá páropáro, ṣùgbọ́n ńṣe ni ẹ̀dá alààyè kún ibẹ̀ bámúbámú, tí kẹ́míkà inú omi náà jẹ́ oúnjẹ fún wọn. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí lè gbé láìrí oòrùn, bí ó bá ṣá ti rí omi, ooru àti kẹ́míkà tí ó yẹ.

Nítorí náà, kì í ṣe ohun ẹlẹ́mìí fúnra rẹ̀ ni Europa Clipper ń wá lọ. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ohun ẹlẹ́mìí lè gbé ibẹ̀. Ìgbà 49 ni wọ́n ṣètò pé kí ó gba ẹ̀gbẹ́ Europa kọjá, nígbà mìíràn ní nǹkan bí 25 kìlómítà péré sí i. Kò lè dúró tì í pẹ́, nítorí pé ìtànṣán olóró tí ó yí Júpítà ká yóò ba ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́. Àwọn tí ó kan ọkọ̀ náà ya àwòrán ìró ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí omi ní èdè 103 sára irin kan tí ó wà nínú rẹ̀. Àmì ńlá ni èyí jẹ́ pé omi ni gbogbo ìran ènìyàn fi jọra.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà nínú ìparí ìrìn Cassini tí ó yẹ kí ẹni tí ń gbé ìlú onílùú ronú lé lórí. Nígbà tí epo ọkọ̀ náà fẹ́ tán ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, àwọn tí ó ni ín darí rẹ̀ wọ inú Sátọ̀n lọ kí ó lè jóná níbẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí ó já lu Enceladus tàbí Titan ní ọjọ́ kan, kí kòkòrò ayé tí ó bá ṣẹ́kù sí i lára má baà ba omi ibẹ̀ jẹ́. Àlejò tí ó mọ̀wàáhù kì í da ẹ̀gbin sínú odò onílé, ìbáà ṣe pé onílé náà kò tíì yọjú.

NÀÌJÍRÍÀ KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ NÍBẸ̀

Àwọn kan lè rò pé iṣẹ́ òyìnbó nìkan ni gbogbo èyí. Ìtàn kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Kano wà lára àwọn ibi tí Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ sí láti máa bá àwọn awakọ̀ òfuurufú rẹ̀ sọ̀rọ̀, títí kan John Glenn nígbà tí ó yí ayé po ní oṣù Kejì ọdún 1962. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, òkúta kan tí ó wọ̀n tó kílò 18 já láti ojú ọ̀run sí ẹ̀bá àgbẹ̀ kan tí ń lé ẹyẹ kúrò lóko àgbàdo rẹ̀ ní Zagami, ní ibi tí ó jẹ́ Ìpínlẹ̀ Katsina lónìí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ òkúta náà wò, wọ́n rí i pé láti Máàsì ni ó ti wá. Ní ọdún 1996, wọ́n fi ẹ̀rúnrún rẹ̀ kan sínú ọkọ̀ tí ó ń lọ yí Máàsì po. Òkúta Zagami sì di ọmọ tí ó lọ sí àjò tí ó tún padà sí ìtòsí ilé.

Ọdún 1999 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NASRDA sílẹ̀ fún ìwádìí òfuurufú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Boroffice, ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, sì ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003 ni sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 gòkè láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005, sátẹ́láìtì Nàìjíríà yìí wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ya àwòrán ibi tí ó bàjẹ́. Ọ̀nà náà kò dán gbogbo rẹ̀: NigComSat-1 tí ó gòkè ní ọdún 2007 kú ní ọdún 2008, ó sì di ọdún 2011 kí a tó rí arọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 2017, sátẹ́láìtì kékeré kan tí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ kópa nínú rẹ̀ gòkè lọ. Ilé-Ifẹ̀ sì ni ibùdó tí àwọn ọmọ Áfíríkà tí ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ́ ìmọ̀ òfuurufú láti ọdún 1998.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, Nàìjíríà àti Rwanda di orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó kọ́kọ́ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn Artemis, tí ó sọ bí ó ti yẹ kí àwọn orílẹ̀-èdè máa hùwà ní òṣùpá, ní Máàsì àti ní àwọn ibi bẹ́ẹ̀. Àǹfààní wà nínú kí ènìyàn jókòó síbi tí wọ́n ti ń ṣòfin. Ní oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ta òkúta Máàsì kan tí wọ́n rí ní Agadez, ní orílẹ̀-èdè Niger, ní gbàǹjo ní New York ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìjọba Niger wá ń ṣe ìwádìí bí òkúta náà ti ṣe kúrò nílẹ̀ wọn. Ẹni tí kò bá sí níbi ìpín, ẹ̀yìn ni yóò ti gbọ́ iye tí wọ́n pín.

LÁTI EUROPA DÉ MOKWA

Wàyí o, ó tó àkókò láti padà sí ìbéèrè ará Minna. Ní òru ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n mọ́jú ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 2025, lẹ́yìn òjò ńlá, omi ya wọ ìlú Mokwa ní Ìpínlẹ̀ Niger yìí. Àwọn tí a rí òkú wọn lé ní 150, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé sì wó. Kò sí oníṣòwò Yorùbá tí ó gba Ìlọrin àti Jẹ́bà wá sí Minna tí kò mọ Mokwa, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ará gúúsù ti ń bá àwọn àgbẹ̀ àríwá pàdé láti ra oúnjẹ.

Àwọn kan yóò sọ pé owó tí a ná sórí sátẹ́láìtì ì bá dára jù bí a bá fi ṣe kòtò ìdarí omi ní Mokwa. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ojú méjì ni ènìyàn fi ń ríran. Irú ẹ̀rọ rédà tí Europa Clipper gbé lọ láti wo abẹ́ yìnyín jẹ́ ìbátan èyí tí àwọn sátẹ́láìtì fi ń wo ilẹ̀ nígbà tí ìkùukùu bá bo ojú ọjọ́, tí wọ́n fi ń mọ ibi tí omi ti kún dé. Orílẹ̀-èdè tí kò bá ní ọmọ tí ó lè ka irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò máa wò nígbà tí ilé rẹ̀ bá ń rì.

Ibi tí ìṣòro wà ní ti gidi ni àárín ojú ọ̀run àti ẹnu ọ̀nà ilé. Ní ọdọọdún ni àwọn àjọ ìjọba tí ń bójú tó ojú ọjọ́ àti omi ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ìkún omi jáde ní Àbújá. Sátẹ́láìtì ń rí, àwọn onímọ̀ ń ka ohun tí ó rí, wọ́n sì ń kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà, ìwé náà á jókòó. Ìyá tí ó ń sùn lẹ́bàá odò kò gbọ́ ọ ní èdè Núpé, ní Haúsá, ní Gbágyi tàbí ní Yorùbá. Ìmọ̀ tí kò bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kàn, bí omi abẹ́ yìnyín Europa ni ó rí: ó pọ̀ lọ jàra, ẹnu kan kò sì tíì tọ́ ọ wò. Kì í ṣe sátẹ́láìtì ni ó yẹ kí a pa tì. Ohun tí ó yẹ ni kí ìjọba ìbílẹ̀, àwọn ọba, àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti àwọn olórí ẹgbẹ́ ìlú so okùn tí ó já yìí pọ̀, kí ìkìlọ̀ lè máa dé ilé kí omi tó dé.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó fi Minna ṣe ibùjókòó ní ipa tiwọn láti kó. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà wọn láti ọdún 1983. Ọmọ tí ó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama lónìí yóò ti tó wọ yunifásítì nígbà tí àwòrán àkọ́kọ́ bá ń dé láti Europa. Bí wọ́n bá kọ́ ọ ní ìṣirò àti físíìsì ní àkọ́yé, yóò lè ka ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, yóò sì lè ka ohun tí òjò ọdún náà fẹ́ ṣe ní Mokwa, ní Shiroro àti ní Lọ́kọ́ja.

Lórí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ àti àlejò kì í tán. Ṣùgbọ́n kò sí ìran tí ó ni ojú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tíì ya ìmọ̀ nípa rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìpínlẹ̀ kan. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kan ra. Ó kù kí àwọn òbí rí i pé ọmọ tiwọn náà hu ìyẹ́.